Ẹja Abilà Tó Padà Wálé: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Apẹja Fàájì àti Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀pọ̀ ilé láàrin wa níhìn-ín ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ìtàn tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìrántí wa ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn níbẹ̀. Ìtàn ẹja ni, ṣùgbọ́n ó kan ìjọba, ó kan òfin, ó sì kan àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún.

Striped bass ni orúkọ ẹja náà. Rockfish ni àwọn ará Maryland ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ẹja abilà, bí a ti ń sọ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, nítorí pé ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ẹ̀yìn orí dé ìdí ìrù. Ó lè lo 30 ọdún láyé, ó sì lè wúwo ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Inú odò tí kò níyọ̀ ni ó ti ń yé ẹyin nígbà ìrúwé, pàápàá àwọn odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà ńlá Chesapeake. Àwọn ọmọ rẹ̀ á kọ́kọ́ dàgbà díẹ̀ nínú ọ̀sà, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ wọn á bọ́ sí òkun Atlantic, wọn á gba apá àríwá lọ títí dé New England àti Kánádà. Nígbà tí ó bá tó àsìkò, wọn á padà sí odò tí a ti bí wọn láti yé ẹyin tiwọn. Àwa tí a ń wọ ọkọ̀ ní Jabi lọ sílé ní Kérésìmesì tàbí Iléyá mọ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Ẹja yìí ti wà nínú ìtàn Amẹ́ríkà tipẹ́. Ní ọdún 1639, àwọn òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó sí Massachusetts ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe ajílẹ̀ oko mọ́. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1670, àwọn ará Plymouth yan owó tó ń wọlé lórí ẹja abilà àti àwọn ẹja mìíràn fún ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. (Ó ku ọdún 285 kí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwa tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955!) Ní 1879, wọ́n kó nǹkan bí 130 ọmọ ẹja abilà sínú ọkọ̀ ojú irin láti New Jersey lọ sí California, níbi tí irú rẹ̀ kò sí rí. Ó rọ́mọ bí níbẹ̀, ó sì di ẹja ọjà.

Láti 1954 ni ìjọba Maryland ti ń rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ́dọọdún nígbà ooru láti fi àwọ̀n wọ́ etí odò ní àwọn ibi tí wọ́n ti yàn. Wọn á ka ọmọ ẹja abilà tó wọ àwọ̀n, wọn á pín iye rẹ̀ sí iye ìgbà tí wọ́n wọ́ àwọ̀n, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní ariwo, kò sì sí ẹni tó ń lu ìlù fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wàhálà bá dé, fáìlì yẹn gan-an ni gbogbo ayé yóò máa wá kiri. Ní 1970, iye tí wọ́n rí lé ní 30, ọdún ìbísí gidi ni. Ní 1973, àwọn apẹja olówò etíkun Atlantic kó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 pọ́ùn ẹja abilà. Ní 1983, mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ péré ni. Ní àárín méjì yẹn, ní 1981, iye ọmọ ẹja tí wọ́n kà ní Maryland já wálẹ̀ sí 1.2.

Àwọn apẹja fàájì wà lára àwọn tó tètè fura. Apẹja fàájì ni ẹni tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, bóyá tíṣà ni tàbí mẹkáníìkì tàbí agbẹjọ́rò, tó kàn ń mú ọ̀pá àti ìwọ̀ lọ sí etí omi ní òpin ọ̀sẹ̀ bí àwa ṣe ń lọ sí òde ìnáwó. Ní 1965, ẹgbẹ́ kan ní New Jersey tó ń jẹ́ American Littoral Society bẹ̀rẹ̀ ètò kan láàrin irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra okùn ọ̀rá tín-ín-rín aláwọ̀ yẹ́lò tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mú ẹja, yóò wọn gígùn rẹ̀, yóò fi okùn náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ nítòsí lẹbẹ, yóò kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti mú un sórí káàdì, yóò sì dá ẹja padà sómi láàyè. Ẹni tó bá tún mú ẹja kan náà níbòmíràn yóò fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ń dé ọwọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ ní Woods Hole.

Káàdì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí káàdì bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á sọ ohun tí ọkọ̀ ìwádìí kan kò lè sọ: ọ̀nà tí ẹja ń gbà, oṣù tí ó ń gbà á, àti bí ó ṣe ń yára dàgbà tó. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹja tí wọ́n bí ní Maryland ni ará Massachusetts ń mú. Bí ìpínlẹ̀ kan bá tọ́jú rẹ̀ tí èkejì ń pa á nípakúpa, asán ni.

Ẹnì kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pa rẹ́ nínú ìtàn yìí, Robert Pond ará Attleboro ní Massachusetts. Oníṣòwò ni. Ó ń ṣe ẹja ẹlẹ́tàn tí wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀, Atom ni ó pè é. Ní 1965 ó dá ẹgbẹ́ Stripers Unlimited sílẹ̀, ó sì ń lọ sí àwọn odò Chesapeake nígbà ìrúwé láti yẹ ẹyin ẹja wò. Ó ní ẹyin náà kò dára mọ́, pé májèlé inú omi ló fà á. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà fún un, ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

Ní 1979, Sẹ́nétọ̀ John Chafee láti Rhode Island mú kí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìwádìí pàjáwìrì lórí ẹja abilà. Àbọ̀ ìwádìí náà fi hàn pé èròjà olóró inú omi ń ṣe ọmọ ẹja lọ́ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípa tí wọ́n ń pa á ní àpajù ni ohun tí ènìyàn lè tètè dá dúró. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ etíkun Atlantic lórí ọ̀rọ̀ ẹja, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942, gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1981. Àmọ̀ràn lásán ni. Ẹni tó wù ú á tẹ̀ lé e, ẹni tí kò wù ú á fi í sínú dúrọ́ọ̀. Òfin tí Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1984 ló fún un ní eyín: ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀, ìjọba àpapọ̀ lè ti omi rẹ̀ pa.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1985, Maryland fòfin de pípa ẹja abilà pátápátá. Delaware ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà, Virginia sì tẹ̀ lé wọn ní 1989. Àwọn ẹja tí wọ́n bí ní 1982 ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò, títí tí 95 nínú 100 abo wọn yóò fi yé ẹyin ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn ẹja náà ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sún gígùn tí òfin fọwọ́ sí síwájú.

Àwọn apẹja olówò Maryland fárígá. Iṣẹ́ bàbá ńlá wọn ni, oúnjẹ wọn ló lọ. Wọ́n ní àwọn olówó tó ń pẹja ṣeré ló fẹ́ gba ẹja mọ́ àwọn lọ́wọ́. N kò lè dá wọn lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà de apẹja fàájì Maryland bákan náà. Ní New York ẹ̀wẹ̀, ẹja yìí kan náà dá ọ̀nà ńlá dúró. Westway ni wọ́n pe ọ̀nà náà, wọ́n fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ sínú odò Hudson láti là á. Nígbà tí ó hàn gbangba pé àárín àwọn òpó èbúté àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja abilà ń sá sí nígbà òtútù, ilé ẹjọ́ kọ̀ fún wọn, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì ní 1985. Àwa tí a ń gbé Abuja, tí a ń rí bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò ná.

Sùúrù so èso. Ní 1989, iye ọmọ ẹja ní Maryland gòkè dé 25, wọ́n sì ṣí omi díẹ̀díẹ̀ ní 1990. Ní 1995, ìgbìmọ̀ kéde pé ẹja abilà ti padà bọ̀ sípò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iye ọmọ ẹja lé ní 59.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí ti wáyé. Ní Dakar, ní 1981, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí jáde lórí bí sailfish, ẹja onímú gígùn tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ìgbòkun, ṣe ń dàgbà ní etíkun Senegal. Ẹja tí àwọn apẹja fàájì mú ni wọ́n gbé e kà. Nílé wa níbí, àwọn ará Argungu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọdún ẹja wọn ní 1934 mọ bí a ṣe ń ti omi pa: ẹnikẹ́ni kì í pẹja ní Matan Fada títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Ní ti òkun àti ọ̀sà tiwa, ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun wà ní Èkó láti 1975, òfin 1992 sì wà tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ìpẹja ńlá sún mọ́ etíkun. Àwọn apẹja Ìlàjẹ, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì mọ ìgbà tí ṣáwá ń pọ̀ àti ibi tí ó ti ń yé ẹyin. Èrò tèmi ni pé ìwé kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò máa gbà kà lóṣooṣù, kò ní ná ìjọba ní iye tí ọkọ̀ jíìpù kan ń ná an.

Ọ̀rọ̀ ẹja abilà kò tíì parí. Ní 2019, ìgbìmọ̀ kéde pé wọ́n ti tún pa á kọjá ààlà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn apẹja fàájì fúnra wọn ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé nínú 100 tí wọ́n bá yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n dá padà, nǹkan bí 9 ló ń kú. Ní 2023, iye ọmọ ẹja ní Maryland jẹ́ 1.0, ó burú ju ti 1981 lọ. Ní 2024 ó jẹ́ 2.0. Láti 2023, ẹja tó bá gùn ju 31 ínǹṣì lọ nínú òkun, dídá ni kí wọ́n dá a padà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Maryland lè bá ọ̀kan pàdé tí okùn pińkì yọ níkùn rẹ̀. Ó lé ní 500,000 ẹja tí ìjọba àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ti fi irú rẹ̀ sí lára láti 1985. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìpẹja o. Nọ́ńbà ẹja náà àti nọ́ńbà fóònù wà lára okùn yẹn. Kí wọ́n kọ ọjọ́, ibi àti gígùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì pe ọ́fíìsì tó wà ní Annapolis.