Wọ́n Sin Ín Ni, àbí Wọ́n Rì Í?

Ní oṣù kìíní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Kò sí ohun tí wọ́n ń wá. Orí idẹ ni wọ́n bá nínú ilẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ojú, imú àti ètè wọn gún régé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún bá òmíràn níbẹ̀. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí ààfin. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wà ní Ifẹ̀ nígbà náà láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà wa, ra méjì, ó kó wọn lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan gba ọwọ́ oníròyìn kan dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Ìtàn náà kò le láti sọ ní Yorùbá, àfi ibì kan: báwo ni àwọn orí náà ṣe dé inú ilẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó gba òkú, owó, oògùn, àti eegun tí ajá fi pamọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òkú là ń sin. Oògùn là ń rì mọ́lẹ̀. Owó là ń fi pamọ́ sínú ilẹ̀. Iná là ń bò mọ́lẹ̀. Èyí tí kò wúlò mọ́, a ó kó o dà sí ààtàn, ilẹ̀ yóò sì bò ó fúnra rẹ̀. Ibi ọmọ pàápàá wà láàárín: ẹlòmíràn á ní wọ́n sin ín, ẹlòmíràn á ní wọ́n rì í. Bẹ́ẹ̀, ìkòkò tó ní ìdérí tí ọkọ́ bá hú jáde lẹ́yìnkùlé àtijọ́, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ ti ibi ọmọ, ó sì lè jẹ́ ti owó tí olówó ti wá kó.

Ẹni tó ń kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì lè lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan náà, kó máa lọ. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní Yorùbá ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Frank Willett, tó walẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ ní 1957 lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé tún ti bá ère idẹ níbẹ̀, gbà pé wọ́n kan irú orí bẹ́ẹ̀ mọ́ ara onígi níbi ìsìnkú kejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe àkó, ère tó dúró fún òkú, ní Ọ̀wọ̀. Àwọn mìíràn sọ pé adé ni wọ́n ń gbé lé wọn lórí. Bí mo bá kọ “àwọn orí tí wọ́n sin,” mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbè lẹ́yìn Willett. Bí mo bá kọ “tí wọ́n fi pamọ́,” mo ti sọ pé ìjà tàbí ìbẹ̀rù wọ̀lú, ẹnì kan sì kó wọn jọ kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. “Tí wọ́n rì” a máa gbé ọkàn òǹkàwé lọ sí ìdí òrìṣà. Kò sì sí ẹni tó lè dá wa lóhùn, nítorí oníṣẹ́ ìkọ́lé ló gbẹ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn orí náà ṣe dùbúlẹ̀, ìpele ilẹ̀ wo ni wọ́n wà, tàbí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Igbo-Ukwu ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù lọ. Ní nǹkan bí àkókò tí wọ́n bá orí Wúnmọníjẹ̀, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò tí yóò máa gba omi òjò sí nínú àgbàlá rẹ̀ nílẹ̀ Ìgbò, ó sì bá àwọn ohun èlò idẹ tí wọ́n fín bí ẹni fín igbá. Àwọn aládùúgbò mú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Thurstan Shaw ló wá walẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe yẹ, ní 1959 àti 1960, ó sì padà wá ní 1964. Ibi mẹ́ta ló wà, orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ ni wọ́n fi pe ibẹ̀: Igbo Isaiah, Igbo Richard, Igbo Jonah. Wọ́n múlé gbe ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe kan kò lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Igbo Richard, èèyàn ńlá kan ni wọ́n sin síbẹ̀, ìjókòó ni wọ́n gbé e kà, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100,000 sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Igbo Isaiah, Shaw rò pé ojúbọ tàbí ilé ìkóǹkan-pamọ́-sí ló wà níbẹ̀: wọ́n to nǹkan sílẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀, ilẹ̀ sì wá bò ó. Ní Igbo Jonah, kòtò ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì kó nǹkan dà sí. Ìwé tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní “ohun tí wọ́n sin” ti ba iṣẹ́ Shaw jẹ́ ní gbólóhùn kan.

Kí ẹnì kan má sì rò pé àwa Yorùbá nìkan ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń yọ lẹ́nu. Ní 1939, ní Sutton Hoo ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Basil Brown hú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan jáde lábẹ́ òkìtì nínú ilẹ̀ Edith Pretty, wúrà àti fàdákà sì kún inú rẹ̀. Ta ló ni ín? Òfin wọn nígbà náà ní bí ẹni tó kó o sínú ilẹ̀ bá fẹ́ padà wá mú un, ọba ló ni ín. Bí kò bá fẹ́ padà, onílẹ̀ ló ni ín. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ jókòó lé e lórí ní oṣù kẹjọ. Wọ́n ní ìsìnkú gbangba ni, kò sẹ́ni tó ń sin baba rẹ̀ tó ní òun ń bọ̀ wá hú ẹrù rẹ̀. Obìnrin náà ló gbà á, òun náà ló sì fi ta British Museum lọ́rẹ. Ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní láti jókòó kó tó mọ ìyàtọ̀ tí “sin” àti “fi pamọ́” ti ṣe fún wa láti ilé.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé a nílò ọ̀rọ̀ kan tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Èyí tí àwọn ìwé ìròyìn sábà máa ń lò ni “àwárí.” Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n wíwá ló wà nínú rẹ̀, a wá a, a sì rí i. Àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Isaiah Anozie kò wá idẹ, omi ló ń wá ibi tí yóò gbà sí. Ìmọ̀ràn mi ni “àwàbá”: a wa ilẹ̀, a bá a níbẹ̀. Bí a ti ní àbáláyé láti ọjọ́ pípẹ́, kò ní ṣàjèjì létí. Kò sọ ẹni tó fi í síbẹ̀, kò sọ ìdí tó fi fi í síbẹ̀, kò sì purọ́ pé ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ti mọ ohun tó ń ṣe. Orí Wúnmọníjẹ̀, àwàbá ni. Ìgò ọtí ṣìnáàpù tó ní igun mẹ́rin tàbí kọ́bọ̀ ayé ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ní ihò láàárín, tí à ń rí nígbà tí a bá ń ro ẹ̀yìn ilé àgbà, àwàbá náà ni. “Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé” kò ṣeé pè wọ́n: kí ni ìgò ọtí mọ̀ nípa ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé?

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ń fẹ́ kò ṣòro tó bí àwọn kan ṣe ń rò. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà ní ilé ìdáná àti ní àgbẹ̀dẹ, kò sì yẹ kí á máa ṣẹ̀dá nǹkan tó ti wà. Àwọn awalẹ̀pìtàn kì í jókòó ti ṣọ́bìrì àti dígà; bí wọ́n bá ti sún mọ́ nǹkan, irin pẹlẹbẹ tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri ni wọ́n fi ń ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ha, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á kọ́kọ́ dà á sórí nǹkan oníhò wẹ́wẹ́, kí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí eegun ẹja má bàa bá a lọ. Kí là ń pe ìyẹn? Ẹni tó bá kọ “sísẹ́” kò dáná rí. Ògì tó wà nínú omi là ń sẹ́. Èlùbọ́ àti gàrí gbígbẹ là ń kù. Yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, kíkù ni, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ la sì fi ń kù ú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọ́n a da yẹ̀pẹ̀ sómi kí hóró èso tó ti jóná lè léfòó, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kúrò lójú omi. Ibẹ̀ ni asẹ́ ti wúlò. Ìyá tó ń ta ògì lè la ìyàtọ̀ yẹn yé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Àpáàdì náà ńkọ́? Àwọn kan ti ń kọ “àfọ́kù ìkòkò” káàkiri, bí ẹni pé àpáàdì kò sí, bẹ́ẹ̀ òun ló tó ko iná lójú. Ní Ifẹ̀, àpáàdì ju ohun tí a fi ń fọn iná lọ. Wọ́n fi ṣe ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà: wọn kò tẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e dúró lé, ọ̀kan ti ara èkejì pinpin, ìlà kan dà síhìn-ín, ìkejì dà sọ́hùn-ún bí eegun ẹja, òkúta funfun kéékèèké sì la àárín wọn já níbòmíràn. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Òjò ṣì máa ń wẹ̀ ẹ́ jáde ní àwọn ojú ọ̀nà Ifẹ̀. “Ilẹ̀ àpáàdì” tó o ní orúkọ. Kò nílò òmíràn.

Ààtàn wà fún ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń walẹ̀ fẹ́ràn jù, nítorí ohun tí ìlú jẹ wà níbẹ̀. Àlàpà wà fún ògiri tó ti wó, ahoro fún ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀, yàrà fún kòtò gígùn tó yí ìlú ká. Ìdàrọ́ wà fún ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ irin, ẹwìrì fún ohun tó ń fẹ́ iná, ìléru fún ibi tí iná wà. Ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, níbi tí Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti walẹ̀ ní 2011 àti 2012, wọ́n bá ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí, ẹ̀rí pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe dígí ní bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Níbí, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ tuntun: “ìkòkò ìyọ́dígí,” kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Idẹ ló nílò ìtọ́jú díẹ̀. Orí Ifẹ̀ pọ̀ tí wọ́n fi bàbà àti síǹkì dà pẹ̀lú òjé. Ti Igbo-Ukwu, bàbà, tánńganran àti òjé ni. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ méjì fún méjèèjì, síbẹ̀ ìwé wọn àtijọ́ fi orúkọ èkejì pe ti Ifẹ̀. Àwa ń pe gbogbo rẹ̀ ní idẹ. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ṣe pàtàkì, “idẹ oní-síǹkì” àti “idẹ onítánńganran” tó. Ìbòjú Ọbàlùfọ̀n, tí kò tilẹ̀ wọ inú ilẹ̀ rí, tó wà láàfin tẹ́lẹ̀, bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀; ẹ má pè é ní idẹ rárá.

Ní ti mímọ ọjọ́ orí nǹkan, ẹ jẹ́ ká yá “káábọ̀nù” lò, ká sì ṣàlàyé rẹ̀: igi tó bá kú kò gba káábọ̀nù tuntun mọ́, irú kan nínú èyí tó ní a sì máa dínkù sí ìdajì láàárín ọdún bíi 5,730, ìdí nìyẹn tí èédú inú ààrò àtijọ́ fi lè sọ ọjọ́ orí ààrò náà. “Awalẹ̀pìtàn” ńkọ́? Mo gbà á, ó ti fìdí múlẹ̀. Àlébù rẹ̀ kan ni pé ó jẹ́ kó dà bíi pé ẹni tó bá ti wa ilẹ̀, ìtàn ti délé. Àwọn tó wa ilẹ̀ ní Wúnmọníjẹ̀ gbé idẹ jáde. Ìtàn rẹ̀ fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tàbí tí ẹ ń ro àgbàlá àwọn baba yín, òfin orílẹ̀-èdè wa láti 1979 ní kí ẹni tó bá bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má yọ èyí tó kù. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n bi yín léèrè, ẹ má sọ pé ẹnì kan sin ín tàbí ẹnì kan rì í. Ẹ ní ẹ bá a nínú ilẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ibi tí ẹ ti bá a hàn wọ́n.