Igi nínú Ilé Ìjọsìn Alámọ̀: Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀yẹ́-Èkìtì, 1947 sí 1954

Bí ènìyàn bá ń wá ògbólógbòó ilé ìjọsìn tí a fi pákó kọ́ látòkè délẹ̀ ní ìgbèríko Yorùbá, yóò wá a títí. Láti agbègbè Ọ̀fà títí dé Èkìtì, amọ̀ ni àwọn baba wa fi ń mọ ògiri, ìbáà ṣe ti ààfin, ìbáà ṣe ti ojúbọ. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ìjọ Kristẹni àkọ́kọ́ tọ̀. Nígbà tí Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846, amọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Níbo, nígbà náà, ni igi wà nínú ìtàn ilé ìjọsìn wa? Èrò wa ni pé ara ilẹ̀kùn àti òpó ni kí á ti wá a, àti pé ibẹ̀ ni a ó ti rí ohun tí ó dé bá iṣẹ́ ọnà nígbà tí ẹ̀sìn yí padà.

Kì í ṣe pé igi wọ́n. Ìrókò, apá àti ọmọ̀ wà nínú igbó. Ṣùgbọ́n ikán kì í jẹ́ kí igi tí ó bá kan ilẹ̀ pẹ́, àfi èyí tí inú rẹ̀ le bí ìrókò. Kí ayùn ńlá tó dé, lílà igi sí pákó jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn. Amọ̀ ní tirẹ̀ wà nítòsí, ó sì ń mú ilé tutù. Igi wá di ohun iyì tí a fi pamọ́ fún ibi tí ojú yóò ti tètè rí i: ilẹ̀kùn, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ère.

Òsì-Ìlọrin, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orírun iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀ ni Areógun, tí ó kú ní 1954, ti ń pín ojú ilẹ̀kùn sí ìpele-ìpele, tí ó sì ń gbẹ́ ènìyàn àti ẹranko sí i. Àwọn ọba, ìjòyè àti abọ̀rìṣà ni oníbàárà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀sìn Ìmàle àti ti Kristẹni ti ń gbilẹ̀, oníbàárà ń dín kù. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì ka ère gbígbẹ́ sí ìbọ̀rìṣà.

Ní 1947, ìjọ Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fádà Kevin Carroll, ọmọ ẹgbẹ́ S.M.A., wà lára àwọn alábòójútó rẹ̀. George Bándélé, ọmọ Areógun, ni ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì ní ọ̀nà tí àwọn baba wọn gbà ń gbẹ́ ti ààfin. Àwọn ọba mẹ́ta tí ó wá kí Jésù dé adé, wọ́n sì múra bí ọba Yorùbá. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1954, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró: Lámídì ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Àwọn kan lè béèrè bí Mùsùlùmí ti ṣe lè gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ Lámídì fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn: Lámídì jẹ́ ti Ìmàle, Fákẹ́yẹ sì jẹ́ ti Ifá. Láyé àtijọ́ pàápàá, agbẹ́gilére a máa gbẹ́ ère fún òrìṣà tí òun kì í bọ. Ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ ni ó ni ìsìn; ẹni tí ó ṣe é ni ó ni ọgbọ́n ọwọ́. Ìyàtọ̀ yìí ni kò yé àwọn tí ó ní kí á dáná sun ère, òun náà ni ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ ìdílé Areógun àti Fákẹ́yẹ rí ọ̀nà gbà kọjá.

Lónìí, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ti gba ipò amọ̀, ilẹ̀kùn irin sì ń gba ipò ti igi. Ìjọ tí ó bá ń tún ilé rẹ̀ kọ́ lè wó ògiri amọ̀, nítorí a lè mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n kí ó tó yọ ilẹ̀kùn àtijọ́ dànù, ó yẹ kí ó wádìí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì wá ibi ìpamọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbẹ́ wọn kò kọ ìwé sílẹ̀. Lámídì kú ní 2009. Bándélé ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Igi ni ìwé wọn.