Eré láìsí ìwé: Ọgbọ́n tí òṣèré fi ń dá ọ̀rọ̀ sọ lórí ìtàgé

Ìyàwó bọ́ sórí ìtàgé, ọkọ wọlé, ìjà bẹ̀rẹ̀, èrò ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ kò sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn há sórí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré Yorùbá ṣe ń ṣe nígbà ayé Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Fún ọ̀dọ́ tó ń ti ẹnu iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Agége lọ síbi ìdánrawò eré lónìí, ọgbọ́n yẹn ṣì wúlò. Àmọ́ àwọn kan rò pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ti dùn ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Eré tí kò ní ìwé gan-an ló nílò ìmúrasílẹ̀ jù.

Ibo ló ti ṣẹ̀ wá?

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wo eré àwọn eégún ní Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n tiẹ̀ sín òyìnbó jẹ níṣojú rẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni àwọn alárìnjó ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó di 1945, Hubert Ògúndé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, orin ni wọ́n ń kọ́ dáadáa ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ẹnu, òṣèré ló ń dá a sọ.

Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn, ó sì bá wọn ṣeré. Ìwé tó gbé jáde ní ọdún 2000 fi hàn bí eré kan ṣe ń gbòòrò sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é níwájú èrò.

Ọgbọ́n márùn-ún tó gbé eré ró

1. Mímọ ibi tí ìtàn ń lọ. Olórí ẹgbẹ́ á sọ ìtàn, á sì pín ipa fún kálukú. Òṣèré lè yí ọ̀rọ̀ padà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé iṣẹ́ tí ìran náà wá ṣe. Bí ìyàwó ò bá dárúkọ owó àjọ tó sọnù kó tó jáde, kí ni ọkọ fẹ́ máa wá kiri nínú ìran tó kàn?

2. Gbígba ohun tí ẹnìkejì gbé wá. Tí ẹnìkan bá ní, "Ìyá Bọ́lá, kí ló dé tí ẹ̀ ń sunkún?", ìwọ ti di Ìyá Bọ́lá nìyẹn, ẹkún sì ti dé. Bí o bá dáhùn pé, "Èmi kọ́," eré ti kú. Keith Johnstone náà tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀, Impro, tó jáde ní 1979.

3. Mímọ ẹni tí o jẹ́. Bàbá Sàlá kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìwà kiri lórí ìtàgé. Ìmúra rẹ̀ ti ń pa èrò lẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ahun lòun, kò ní ṣòro fún un láti mọ èsì tí ahun máa fọ̀ tí wọ́n bá ní kó dá owó.

4. Kíka ojú èrò. Ibi tí èrò bá ti ń gbádùn, fà á gùn díẹ̀. Ibi tó bá tutù, tètè kúrò níbẹ̀. Àmọ́ má tìtorí ẹ̀rín ba ìtàn jẹ́.

5. Dídóòlà ẹni tó há. Tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu ẹnìkan, ẹlòmíràn á bi í ní ìbéèrè, tàbí kí wọ́n dá orin, kí onílù gbà á. Èrò ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹyin lohùn

Ọ̀rọ̀ orí ìtàgé lágbára. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ ìjọba yẹn nígbà náà, nítorí 1967 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ìwé ni òṣèré lè pa rẹ́ kó tún un kọ. Ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́nu ò ṣeé kó mọ́.

Ẹ dán an wò

Kò dìgbà tí ẹ bá dé gbọ̀ngàn eré tí ìjọba kọ́ sí Oregun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì tó. Ọ̀kan ń dúró de dánfó ní Pen Cinema, ó ti pẹ́ sí iṣẹ́ òru. Èkejì fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kó lọ. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, láìsí "rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹ pààrọ̀ ipò, ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì gba ti àwọn àgbà òṣèré tó wà ní àdúgbò yín. Eré tí kò sí nínú ìwé, inú èèyàn ló ń gbé. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá lọ, eré náà bá a lọ nìyẹn.