Òkun Gbígbóná, Ìjì Ọ̀gìnnìtìn àti Òjò Àrọ̀kúrò ní Ìmásàyí

Ní Ìmásàyí àti káàkiri ilẹ̀ Yewa títí dé Kétu ní òdìkejì ààlà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbẹ̀ ń retí òjò lọ́dún: àkọ́rọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, àti àrọ̀kúrò tó ń dé ní oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, pàápàá ní oṣù kẹjọ, òjò a dáwọ́ dúró. Inú òkun ni púpọ̀ nínú ohun tó fa ìdáwọ́dúró yìí ti ń wá. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ooru òkun ilẹ̀ olóoru wà lára ohun tó ń pinnu ibi tí ìjì ọ̀gìnnìtìn wọn yóò gbà. A máa ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, bí ẹni pé ọ̀kan jẹ́ ti àgbẹ̀, tí èkejì jẹ́ ti òyìnbó. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, àti pé àsọtẹ́lẹ̀ òjò Ìmásàyí tí kò bá wo òkun kò ṣeé gbára lé.

Ní 1969, Jacob Bjerknes, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ṣàlàyé pé bí omi Òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ní agbedeméjì ayé, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí El Niño, ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lókè Pàsífíìkì ti àríwá a máa le sí i nígbà ọ̀gìnnìtìn. Omi gbígbóná ń gbé oru sókè. Oru náà ń di òjò, bó sì ti ń di òjò ló ń tú ooru tó gbé dání sílẹ̀ sínú òfuurufú. Afẹ́fẹ́ tó ti ibẹ̀ gòkè a wá máa tàn ká lókè réré. Bí òkúta ńlá tó yọrí nínú odò Yewa ṣe ń da ojú omi rú títí dé ìsàlẹ̀ odò, bẹ́ẹ̀ ni ooru yìí ń da ẹ̀fúùfù òkè rú dé ibi tó jìnnà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Brian Hoskins àti David Karoly fi ìṣirò tọ ipa ọ̀nà ìgbì afẹ́fẹ́ tí ìdàrú yìí ń dá sílẹ̀ ní 1981. Ìgbà ọ̀gìnnìtìn ló ń hàn jù, nítorí ìgbà náà ni ìyàtọ̀ láàárín òtútù àríwá àti ooru agbedeméjì ayé pọ̀ jù, tí ẹ̀fúùfù ìwọ̀-oòrùn sì lágbára tó láti gbé ìgbì lọ síbi jíjìnnà.

Àwọn Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀gìnnìtìn 2013 sí 2014 fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ ìgbì yìí. Ìjì ń tẹ̀ lé ìjì. Omi bo ilẹ̀ Somerset, Odò Thames kún àkúnya, òkun sì já ọ̀nà rélùwéè ní Dawlish ní oṣù kejì. Nígbà tí àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ náà, Met Office, wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, wọ́n tọpa rẹ̀ dé òjò tó pọ̀ lápọ̀jù ní agbègbè Indonesia àti ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì. Òjò ibẹ̀ ló darí ẹ̀fúùfù òkè gba orí Amẹ́ríkà, ibi tí òtútù ti ń pa àwọn ènìyàn, kí ó tó wá fún ìjì Àtìláńtíìkì lágbára. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá Thames kò mọ̀ pé ohun tó ń wọlé tọ òun wá ti bẹ̀rẹ̀ láti Indonesia.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ju bó ṣe rí lọ. Ní 2015 sí 2016, El Niño le gidigidi, gbogbo ènìyàn sì ń retí pé òjò yóò ya lu gúúsù California bó ti ṣe ní 1997 sí 1998. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òkun gbígbóná kì í pàṣẹ fún ìjì, ó kàn ń jẹ́ kí ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ ju òmíràn lọ. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń wí pé bí òkun bá ṣe ń gbóná tó ni ìjì yóò máa le tó. Ooru tó ń pọ̀ lókè ilẹ̀ olóoru ń fi agbára kún ẹ̀fúùfù òkè, àmọ́ yíyọ́ yìnyín ní òpin àríwá ayé ń dín ìyàtọ̀ ooru kù nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń fa okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni ti omi: bí afẹ́fẹ́ bá fi 1°C gbóná sí i, ó lè gbé oru omi tó fi nǹkan bí 7% pọ̀ sí i. Ìjì tó bá dé yóò rọ òjò púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo òkun tiwa, tí kò tó 100 kìlómítà sí Ìmásàyí. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, omi tó wà níwájú Àgbádárìgì, Kútọnu àti Abidjan a máa sún mọ́ 29°C. Tó bá di oṣù keje sí ìkẹjọ, omi tútù a ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní agbedeméjì ayé àti létí òkun Ghana àti Ivory Coast, ooru ojú omi á sì já wálẹ̀ dé nǹkan bí 24°C. Ní àkókò yẹn kan náà ni ọ̀wọ́ òjò ti lọ sí ilẹ̀ Hausa. Omi tútù kì í gbé oru sókè dáadáa, òjò etí òkun sì ń dín kù. Ọ̀kan lára ìdí nìyẹn tí òjò fi ń fà sẹ́yìn bí ènìyàn ti ń lọ láti Èkó sí Kútọnu, títí dé Lomé tí òjò rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ilẹ̀ Yewa wà ní bèbè ibi tí òjò ti ń fà sẹ́yìn yìí, nítorí náà ìyípadà díẹ̀ nínú òkun tó láti yí òjò rẹ̀ padà.

Ọdún tí omi náà bá kọ̀ láti tutù, òjò a máa pọ̀ létí òkun, ọ̀gbẹlẹ̀ a sì mú ilẹ̀ Sàhẹ́lì. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 1984, nígbà tí omi òkun wa gbóná kọjá ààlà, tí ebi sì pa àwọn ará Sàhẹ́lì. Peter Lamb ti tọ́ka sí okùn tó so òjò Sàhẹ́lì pọ̀ mọ́ Àtìláńtíìkì láti 1978. Fún àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo àkọ́rọ̀, òkun tí kò tutù lè túmọ̀ sí pé òjò kò ní dáwọ́ dúró nígbà tó yẹ kí àgbàdo náà gbẹ, kí ó wá hu lórí igi. Àdánù ńlá ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru òkun ti lè fi í hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

Láti 1997 ni ilẹ̀ Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti so àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ooru òkun mọ́lẹ̀ sínú Àtìláńtíìkì ti ilẹ̀ olóoru, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní PIRATA, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn òǹkà rẹ̀. Àjọ ojú ọjọ́ wa, NiMet, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ayétòrò tó wà nítòsí Ìmásàyí ni Ẹ̀ka Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà. Mo bẹ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pé kí wọ́n gbé òǹkà ooru òkun inú oṣù karùn-ún àti ìkẹfà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé òjò Yewa, kí wọ́n sì máa kéde ohun tí wọ́n bá rí fún àgbẹ̀ ní èdè Yorùbá kí oṣù keje tó wọlé.