Ìlàrí Kì Í Ṣe Ẹrú Lásán

Ọmọ kíláàsì mi kan ń ka ìtàn Àjàṣẹ́ ní èdè Faransé. Ó dé ibi tí wọ́n ti pe ìránṣẹ́ Ọba Toffa (1874–1908) ní « lari ». Ó ní: « Ọ̀gá, èdè wo nìyí? » Èdè rẹ̀ ni. Ìlàrí ni, ì iwájú rẹ̀ ló já bọ́ lẹ́nu àwọn Gùn.

Ọ̀yọ́, tí òwò rẹ̀ ń gba Àjàṣẹ́ dé òkun láyé àtijọ́, ni a ti mọ ìlàrí jù. Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá jẹ ìlàrí, wọn á fá orí rẹ̀, wọn á sín in ní gbẹ́rẹ́ ní àtàrí. Abẹ kò ní kan ibẹ̀ mọ́: irun rẹ̀ á gùn, wọn á dì í, nígbà mìíràn wọn á pa á láró. Ìyókù orí, ìdajì ni wọ́n ń fá ní ọrọọrún. Bí ọ̀tún bá lọ lónìí, òsì ló kàn. Orí tí a là bẹ́ẹ̀ ló bí orúkọ náà. Dàhòmì, tó sin Ọ̀yọ́ títí di ayé Gezo, náà ń fá ìdajì orí ìránṣẹ́ ọba.

Orúkọ oyè wọn pàápàá ń jíṣẹ́: Ọbalólú, Mádàríkàn. Bí Mádàríkàn bá wọ̀lú, kí ó tó lanu, ará ìlú ti gbọ́ ohun tí ọba wí.

Lóòótọ́, ẹrú ọba ni ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹrú yìí ló ń gba ìsákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọba mìíràn.

Ọmọ náà fa lẹ́ẹ̀dì yọ, ó kọ ì síwájú « lari ». Ìwé iléèwé ni o. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.