Ta Ló Ń Ṣàlàyé, Ta Ló Ń Ráhùn? Àyọlò Nínú Ìròyìn Owó Ìrànwọ́ Epo

Akọ̀ròyìn lè fọ̀rọ̀ wá ogún ènìyàn lẹ́nu wò, kí kókó ìròyìn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé iṣẹ́ tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ló ń gbé kókó ìròyìn ró, ju iye ẹnu tó sọ̀rọ̀ lọ.

Ní ọdún 1972, onímọ̀ nípa àwùjọ, Gaye Tuchman, ṣàlàyé pé àyọlò jẹ́ ààbò fún akọ̀ròyìn: bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu ẹlòmíràn jáde, kò sẹ́ni tó máa pè é ní èrò akọ̀ròyìn. Ní ọdún 1978, onímọ̀ nípa àṣà, Stuart Hall, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé *Policing the Crisis* pé àwọn aláṣẹ ló ń kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀ràn nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ yẹn ni àwọn yòókù á wá fèsì sí.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ìròyìn epo ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Nígbà tó fi di ọjọ́ 31, náírà 488 ni ilé epo NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, ń ta lítà kan l'Ékòó, ó ju ìlọ́po méjì iye àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú ìròyìn irú èyí, aṣojú ìjọba àti onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ló sábà máa ń sọ ìdí. Awakọ̀ dánfó àti ìyá alátà á wá ráhùn. Báyìí ni ìròyìn ṣe ń kọ́ òǹkàwé pé ìyà tí ọ̀wọ́n epo fà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní awakọ̀ kò mọ ìṣirò àpò ìjọba. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó mọ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gáréèjì àti èrò tó ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyá alátà náà mọ ohun tí ọkọ̀ ń gbà kí tòmátì tó dé ọjà Mile 12 l'Ékòó. Àlàyé ọ̀rọ̀ ajé ni gbogbo èyí, ó sì ṣeé fi yẹ ọ̀rọ̀ aláṣẹ wò.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Síbẹ̀, ẹni tó gbọ́ ti tọ̀tún-tòsì, tó gba ìdí lẹ́nu ọ̀kan, tó gba ẹkún lẹ́nu ìkejì, kò tíì dájọ́ òdodo. Kí akọ̀ròyìn bi awakọ̀ pé, "Kí ló fà á?" Kí ó bi aláṣẹ pé, "Ta ni yóò jìyà rẹ̀, títí dìgbà wo?" Bí ìdáhùn wọn bá tako ara wọn, kó wádìí, kó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ ohun tó rí.