Ẹ̀kọ́ Industrial Engineering: Bó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Ibi Tí Àwọn Tó Kọ́ Ọ Ń Já Sí

Láàárín àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjiníà, industrial engineering kò ní ẹ̀rọ kan tó lè nàka sí pé tòun nìyí. Ẹni tó kọ́ nípa iná mànàmáná mọ̀ pé wáyà àti tiransifọ́mà ni òun yóò máa bá yí. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ títì àti afárá mọ irú àwọn tí yóò máa wá òun kiri. Ohun tí ẹni tó kọ́ industrial engineering ń wò ni bí iṣẹ́ ṣe ń lọ: ibi tí ẹrù ti ń dúró láìnídìí, ìrìn tí òṣìṣẹ́ ń rìn tí kò mú iṣẹ́ kúrò nílẹ̀, owó tó ń bá àkókò tó ṣòfò lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní ilé-iṣẹ́ irin, ó wà ní ọsibítù, ó wà ní bánkì, ó sì wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ìdí nìyí tí ìbéèrè pé níbo ni èèyàn ń gbà lọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà fi bá a dàgbà láti kékeré.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé ogun abẹ́lé wọn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ irin àti ti reluwé ń fẹ̀ ju ohun tí ojú ọ̀gá kan ṣoṣo lè ká lọ. Ní 1886, Henry Towne, tó ń darí ilé-iṣẹ́ àgádágodo Yale, ka àpilẹ̀kọ kan níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ní Chicago. Àkọlé rẹ̀ ni "The Engineer as an Economist". Ohun tó ń bá wọn sọ ni pé ètò ilé-iṣẹ́ náà tó iṣẹ́ ẹnjiníà, pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ tí kò mọ iye tí ẹ̀rọ ọ̀hún ń ná ọlọ́jà kò tíì mọ iṣẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti pòórá sínú ìwé ẹgbẹ́ bí kì í bá ṣe ti Frederick Winslow Taylor, tí yóò di ààrẹ ẹgbẹ́ kan náà ní 1906.

Ọmọ olówó ni Taylor. Philadelphia ni wọ́n bí i sí ní 1856, ó sì yege ìdánwò ìwọlé sí Harvard, ṣùgbọ́n ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó bá yà sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1878 ó wọ ilé-iṣẹ́ irin Midvale gẹ́gẹ́ bí lébìrà, kò sì pẹ́ tó fi di ọ̀gá lórí àwọn tó bá níbẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tó fi gba dìgírì ẹnjiníà ẹ̀rọ ní Stevens Institute ní 1883. Ohun tó kó wàhálà bá a ni pé ó ti bá àwọn òṣìṣẹ́ jẹ, ó ti bá wọn mu, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn kí ọ̀gá má baà gé owó wọn. Ó mú aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, ó ń kọ iye àkókò tí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ irin Bethlehem, níbi tó ti ṣiṣẹ́ láti 1898 títí di 1901, ni ìtàn ṣọ́bìrì rẹ̀ ti wá. Nínú ọgbà náà, nǹkan bí 400 sí 600 ọkùnrin ló ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrù, kálukú ló sì ń gbé ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá láti ilé. Ṣọ́bìrì kan náà tí ọkùnrin kan fi kó èédú wẹ́wẹ́ láàárọ̀ ni yóò fi kó òkúta irin lọ́sàn-án. Tó bá jẹ́ èédú, ohun tó wà lórí ṣọ́bìrì kò ju pọ́n-ùn mẹ́ta àbọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ òkúta irin, ó di pọ́n-ùn 38. Ọ̀kan fúyẹ́ jù, èkejì wúwo jù. Taylor ní kí àwọn alágbára méjì kan máa kó ẹrù, ó ń dín ohun tí ṣọ́bìrì ń gbé kù díẹ̀díẹ̀, ó ń ka àròpọ̀ ohun tí wọ́n kó lójúmọ́, títí tó fi rí i pé pọ́n-ùn 21 ni èèyàn fi lè kó ẹrù jù láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ilé-iṣẹ́ wá ra ṣọ́bìrì oríṣiríṣi: kékeré fún òkúta irin, fífẹ̀ fún èédú, kí pọ́n-ùn 21 má baà yẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Taylor fúnra rẹ̀, 140 ọkùnrin ló wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, tọ́ọ̀nù 16 tí ẹnì kan ń kó lójúmọ́ di 59, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì kúrò ní dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 15, ó di dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 88. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò yẹn dáadáa: iṣẹ́ fi ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, owó kò tilẹ̀ fi ìlọ́po méjì lé. Àwọn tí 140 ọ̀hún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kò sì sí nínú ìṣirò náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí èyí tipẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1911, àwọn tó ń da irin ní ilé-ìhámọ́ra ìjọba ní Watertown, ìpínlẹ̀ Massachusetts, yanṣẹ́lódì nítorí aago tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n pe Taylor wá wí tẹnu rẹ̀, nígbà tó sì di 1915 wọ́n fòfin de lílo irú aago bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé-ìhámọ́ra ìjọba. Àwọn òpìtàn tó tún ìwé Bethlehem yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sọ pé Taylor bu iyọ̀ sí àwọn ìtàn rẹ̀ kan, pàápàá ti ọkùnrin tó pè ní Schmidt, tó ń gbé irin sínú ọkọ̀ reluwé. Bó ti wù kó rí, òkìkí ti kàn. Ní 1910, lọ́yà Louis Brandeis ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé ṣẹjọ́ nítorí owó ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi kún. Ẹlẹ́rìí kan tó pè, Harrington Emerson, sọ pé tí wọ́n bá lo ọgbọ́n Taylor, mílíọ̀nù dọ́là kan ni reluwé Amẹ́ríkà yóò máa rí gbà padà lójoojúmọ́. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Ní ọdún kejì ni Taylor tẹ ìwé rẹ̀ The Principles of Scientific Management jáde.

Ọ̀tọ̀ ni ibi tí Frank Gilbreth gbà wọnú ìmọ̀ yìí. Bíríkìlà ni. Ó yege láti wọ MIT, kò lọ. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní Boston ní 1885, ó sì ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí ọ̀gá kan fi ń kọ́ èèyàn yàtọ̀ sí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà ṣe é nígbà tó bá ń kánjú. Ilẹ̀ ni bíríkì máa ń wà. Bíríkìlà yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò gbé odindi ara rẹ̀ sókè pẹ̀lú bíríkì kan ṣoṣo, yóò yí i wò kó lè mọ ojú tó dára jù, yóò tẹ́ ẹ, yóò sì fi ìdí tùráwẹ́ẹ̀lì gbá a kó lè jókòó. Gilbreth ṣe pẹpẹ kan tó ń bá ògiri ga sókè, kí bíríkì àti àpòpọ̀ lè máa wà ní ìbámu pẹ̀lú ìbàdí ẹni tó ń mọlé. Ó ní kí àwọn lébìrà to bíríkì kalẹ̀ kí ojú tó dára ti kọ síta. Ó tún àpòpọ̀ ṣe tó fi jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ nìkan ti tó láti fi tẹ bíríkì dé ipò. Ìṣísẹ̀ ọwọ́ àti ara 18 tó wà lórí bíríkì kan já sí márùn-ún. Bíríkì 120 tí èèyàn ń tò ní wákàtí kan di 350. Kò sí ẹni tó sọ fún bíríkìlà pé kó yára sí i. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Taylor, ìyàtọ̀ tó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn nígbẹ̀yìn.

Yunifásítì ló kù. Hugo Diemer ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kansas nípa ètò ilé-iṣẹ́ nígbà tí Taylor dárúkọ rẹ̀ fún Penn State, ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ náà kún ti ẹnjiníà ẹ̀rọ ní 1908. Nígbà tó di 1909 ó dá dúró, ó di ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin tó ní dìgírì tirẹ̀. Ọdún 1908 kan náà ni Harvard ṣí ilé-ẹ̀kọ́ òwò rẹ̀, Taylor sì máa ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ kan náà wá ní ilé méjì: ọ̀kan ń tọ́ ẹnjiníà tó mọ owó, èkejì ń tọ́ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ industrial engineering ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé méjèèjì.

Fún ogún ọdún àkọ́kọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti yan. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń gbà wọ́n, ìyẹn ni pé kí wọ́n mú aago àti ìwé, kí wọ́n máa to ẹ̀rọ sí ipò, kí wọ́n máa ṣírò owó iṣẹ́. Àtẹ tí Henry Gantt, tó ti bá Taylor ṣiṣẹ́, fi ń fi hàn iṣẹ́ tó yẹ kó parí àti ọjọ́ tó yẹ kó parí, ni wọ́n ń gbé kiri. Títí dòní àwọn agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ ṣì ń lò ó. Ní Highland Park, Henry Ford ti fi ìlà tí ọkọ̀ ti ń rìn bá òṣìṣẹ́ dín àkókò títo ara ọkọ̀ pọ̀ láti wákàtí 12 àbọ̀ sí ìṣẹ́jú 93 láàárín 1913 àti 1914. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀ nílò àwọn tó mọ ìṣirò irú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ mú ìmọ̀ náà jáde kúrò nínú ilé-iṣẹ́ ni Lillian Gilbreth, ìyàwó Frank. Ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Brown ní 1915. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì ní oṣù kẹfà 1924, ọmọ 11 ló ṣẹ́ kù sí i lọ́rùn, àwọn oníbàárà tó ń bá tọkọtaya náà ṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra, torí wọn kò fẹ́ kí obìnrin máa wá tọ́ àwọn sọ́nà nínú ilé-iṣẹ́. Ó bá kọjú sí ibi tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ̀: ilé ìdáná. Fún General Electric, ó fọ̀rọ̀ wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lẹ́nu wò láti mọ gíga tó yẹ síńkì àti sítóòfù. Garawa ìdalẹ̀nù tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó ṣí, àti pẹpẹ inú ilẹ̀kùn fìríìjì, òun ni wọ́n ń dárúkọ mọ́ wọn. Ní 1935 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Purdue, ní 1965 sì ni wọ́n yàn án sí àjọ àwọn àgbà ẹnjiníà orílẹ̀-èdè náà, obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ọsibítù náà jèrè nínú iṣẹ́ tọkọtaya yìí. Frank ti ya fíìmù àwọn oníṣẹ́ abẹ, ó sì rí i pé àkókò tí dókítà fi ń wá irinṣẹ́ pọ̀ ju èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìyẹn ló fi dábàá pé kí nọ́ọ̀sì máa gbé irinṣẹ́ lé dókítà lọ́wọ́.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ìmọ̀ tó dá lórí aago di ìmọ̀ tó dá lórí ìṣirò. Ṣáájú ogun, ní 1924, Walter Shewhart ti fi àtẹ kan han àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell, tí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá àṣìṣe tó wà nínú ọjà tí wọ́n ń ṣe jẹ́ ti ojoojúmọ́ tàbí nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀. Ní 1947, George Dantzig, tó ń bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, gbé ọ̀nà simplex jáde, tí wọ́n fi ń pín ohun èlò tí kò tó nǹkan sí ibi tó pọ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni àwọn onímọ̀ industrial engineering dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ohio. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó kàwé yìí lè ṣiṣẹ́ láìrí ẹ̀rọ sójú fún odindi ọdún.

Àwọn tó gba inú ẹ̀kọ́ náà lọ sí ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Lee Iacocca parí ẹ̀kọ́ náà ní Lehigh ní 1945, ó tún gba dìgírì kejì ní Princeton, ó sì dé Ford ní 1946 gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó ya àwòrán sípíríǹgì kan tó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì. Odindi ọjọ́ kan ló fi yà á, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá báyìí ni òun yóò ṣe máa lo ayé òun, ó sì lọ sí ẹ̀ka ọjà títà. Ní 1956 ó dábàá pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra Ford tuntun san ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kó máa san dọ́là 56 lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Ọjà tà, wọ́n gbé e lọ sí olú-iléeṣẹ́, ó di ààrẹ Ford ní 1970. Wọ́n lé e ní 1978, ó kọjá sí Chrysler tó ti ń rì, ó sì yọ ọ́ nínú gbèsè. Tim Cook, tó gba dìgírì rẹ̀ ní Auburn ní 1982, lo ọdún 12 ní IBM kó tó dé Apple ní 1998. Ìyẹn kò sá fún ìmọ̀ rẹ̀ bí Iacocca ti sá: ó ti ilé ìkẹ́rù pa, ó dín ọjà tó ń jókòó lásán kù láti oṣù sí ọjọ́, ìyẹn ló sì gbé e dé orí àga olórí ilé-iṣẹ́ náà. Mike Duke tó ṣe olórí Walmart láti 2009 títí di 2014, Georgia Tech ló ti kọ́ ọ. Ó tiẹ̀ dé pápá bọ́ọ̀lù: Tom Landry, tó tọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dallas Cowboys sọ́nà fún ọdún 29, ní dìgírì kejì nínú industrial engineering láti Yunifásítì Houston.

Ọmọ Nàìjíríà náà wà nínú ìtàn yìí. Adedeji Badiru, tó kàwé ní St. Finbarr's College ní Èkó, lọ kọ́ ọ ní Tennessee Tech, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Central Florida ní 1984, ó sì yan ọ̀nà olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, tó fi di ọ̀kan nínú àwọn tí ìwé wọn ń tọ́ ẹ̀kọ́ náà sọ́nà ní Amẹ́ríkà. Nílé, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ṣíṣe ọjà jáde. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, oṣù IT, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ètò tí àjọ ITF (Industrial Training Fund) dá sílẹ̀ ní 1973, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fi ojú kan iṣẹ́ gan-an, yálà ní ilé-iṣẹ́ ọtí tàbí ti sìmẹ́ǹtì. Níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń mọ̀ bóyá ariwo ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà. Bánkì náà ń gbà wọ́n, torí pé ìlà àwọn tó ń dúró níwájú kaṣíà àti ìlà igo tó ń dúró níwájú ẹ̀rọ ìdérí, ìṣirò kan náà ni wọ́n fi ń tú u.

Ní 2016, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ohio ní 1948 fi ọ̀rọ̀ "systems" kún orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ìdánwò tí ẹnjiníà ń ṣe kó tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní ọ̀kan tó jẹ́ ti àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe é, nítorí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù, ní ọsibítù, ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé àṣẹ ẹnjiníà lọ́wọ́ wọn.